Wáìnì Tí Ọmọ Mi Mu Kẹ́yìn

Ọmọ mi ọkùnrin sùn nílé rẹ̀ tí a jọ ń gbé ní Etobicoke lókè òkun, kò jí. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Wọ́n ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ a máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kí a tètè mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ ọkàn òun náà wò. Èmi ni mo ní rárá. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọmọ ọmọ mi, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ pe àìsàn sí i lára.

Àbúrò mi obìnrin ló ti sọ̀rọ̀ sí mi létí láti Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé kì í ṣàdédé kú. Ta ló fún un ní nǹkan mu?"

Ìyàwó ọmọ mi ní kò mu nǹkan kan níta, àfi wáìnì lọ́dọ̀ bàbá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òyìnbó arúgbó ni, ará Slovakia. Gbogbo ẹni tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ ni mo ṣì lè dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá yìí nìkan ni kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún, ó padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Bí mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, n ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí yóò fi kọjá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó kanlẹ̀kùn, ó ní kí èmi àti ọmọ náà wá jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá ọmọ wà níbi iṣẹ́ ní Meadowvale. Mo lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí ọmọ mi mu.

Wáìnì pupa ni, ó dúdú bí omi zobo. Bàbá ní àgbègbè kékeré kan nílùú àwọn ni àbúrò òun ti ṣe é, pé inú àgbá igi óákù ló ti dàgbà. Ọmọ ọmọ mi ló ń túmọ̀. Bàbá rọ ọ́ fún mi, kò rọ tirẹ̀. Mo gbé kọ́ọ̀bù sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Nǹkan dúdú kan wà nísàlẹ̀, ó ń rìn.

"Kí lèyí?"

"He says it's just old, Grandma."

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó ti pẹ́ ni, bó ṣe wí.

"Sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fúnni lọ́tí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Grandma! That's rude."

"Ọkọ mi, sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Bàbá wo ojú mi. Ó mọ ohun tí mò ń bi í. Ó nawọ́ gba kọ́ọ̀bù tèmi gan-an, ó gbé e mu tán tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n rí i.

Ìgbà náà ló tó sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọmọ ń túmọ̀. Ó ní ọmọ mi kò mu tirẹ̀ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó di àyà mú. Òun ní kí àwọn lọ sí ọsibítù, ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ní shift ní Malton láàárọ̀, pé gáàsì lásán ni.

"Here, Grandma. He held here."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, lápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè yé mi.

Bàbá tó bí ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an lòun náà dì mú. Gáàsì lòun náà pè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tó fi kú.

Mi ò bẹ̀rù ìgò mọ́. Àyà pẹlẹbẹ tí ọwọ́ kékeré yẹn wà lórí rẹ̀ ni mò ń wò.

"Ọkọ mi, gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

"Why are you crying?"

Mo ní kó bá mi pe ìyá rẹ̀. "Ìyàwó mi, pe dókítà yẹn. Kí wọ́n yẹ ọmọ wò."

Ó bi mí lórí fóònù: "Mummy, ṣé ẹ ti gbà báyìí?"

"Mo gbà. Àní lónìí."

"Sátidé ni, Mummy. Ó di Monday."

Nígbà tí a jáde, ọmọ náà sáré lọ síwájú mi ní kọ́rídọ̀. Mo kígbe pè é pé kó má sáré, kó rọra máa rìn.