Àṣíborí Tí Mo Fi Fìlà Wọ̀n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara da bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo dé girama díẹ̀, ilé ní kí n lọ kọ́ṣẹ́, láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti mọ amọ̀ ju bírò lọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ wà ní Challenge, lẹ́bàá ọ̀nà. POP ni a ń ṣe, ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ omi, tí a fi ń ṣe òdòdó sí àjà ilé. Ará ìhà Àkúrẹ́ ni ọ̀gá mi, wọ́n ti pẹ́ n'Ìbàdàn. Ọwọ́ wọn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kúrò nídìí omi. Èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń ku ìyẹ̀fun, èmi ni mo ń pò ó. Amọ̀ tí a fi ń mọ àpẹẹrẹ òdòdó, kí a tó da POP bò ó láti fi ṣe móòdù, ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá mi níbẹ̀ ti kọ́ ọ tán, wọ́n ti lọ. Èmi kò lè béèrè. Bí ènìyàn bá wo ojú mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti lọ jẹun, màá bu amọ̀ díẹ̀, màá fi mọ etí, màá fi mọ imú, màá sì fọ́ ọ padà kí wọ́n tó dé.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yunifásítì ló wà, Agbowó ló ń gbé. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe fíìmù nípa ayé tó ń bọ̀ lẹ́yìn tiwa, nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn yóò máa wọ ọkọ̀ lọ sí ayé mìíràn lójú ọ̀run. Bàbá kan ní Bódìjà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni yóò ṣe ọ̀gá ọkọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ àṣíborí fún bàbá náà, irú èyí tó bo gbogbo orí títí dé ọrùn, tó ní ojú ike níwájú. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù.

Ọ̀gá wò ó, wọ́n dá fóònù padà fún un. "Àǹtí, àjà ilé là ń ṣe níbí. A kì í ṣe orí."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ móòdù ṣe jù ní gbogbo àdúgbò yìí, sà."

"Wọn ò purọ́. Ṣé kí n wá mọ òdòdó sí bàbá náà lórí ni?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ṣáà gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ọ̀gá, mo lè ṣe é."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. "Ìwọ? Ìwọ tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ láti àná?" Lẹ́yìn náà ojú wọn le. "Ó dáa. Ṣe é. Bí ó bá wọ bàbá náà lórí, wàá wá jókòó ti tábìlì yìí, wàá máa mọ àpẹẹrẹ. Bí kò bá wọ̀ wọ́n, mi ò gbọdọ̀ tún rí amọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo máa ń rí i lábẹ́ èékánná rẹ, o rò pé ojú mi fọ́."

Ìwọ̀n orí ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fẹ́. Ọmọbìnrin náà ní kí n jẹ́ ká jọ lọ sí Bódìjà lọ wọn bàbá. Mo mi orí. Nílé tiwa, bàbá wa àgbà kì í ṣí fìlà níwájú ọmọdé àfi bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ẹni tó ń fá irun wọn nìkan ló sì ń fọwọ́ kan orí wọn. Ta ni mí tí màá dúró lé àgbàlagbà tí mi ò mọ̀ rí lórí, tí màá máa na okùn mọ́ wọn ní iwájú orí?

"Ẹ bá mi tọrọ fìlà wọn kan," mo sọ fún un. "Màá fi wọ̀n ọ́n."

"Fìlà? Ṣé ìyẹn tó?"

"Ó tó."

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ."

Ó gbé fìlà náà wá nínú ọ̀rá, fìlà aṣọ òkè aláwọ̀ aró, ó ṣì ń rùn òórùn ìpara orí. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Mo ki àkísà sínú rẹ̀ títí ó fi dúró, mo wọ̀n ọ́n yíká pẹ̀lú okùn, mo wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kékeré kan tó bá okùn náà mu, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ bò ó.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo mọ àtàrí rẹ̀ kí ó yọ ìlà bí ẹ̀yìn ìjàpá, mo mọ àgbọ̀n rẹ̀ kí ó gùn síwájú. Mo fi ìdí ṣíbí àti àfọ́kù ìyarun fa àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sílé, àpò tí mo ti rì sínú omi ni mo máa ń fi bò ó kí ó má baà sán. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo mọ ògiri amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí kan gba òkè lọ sí etí kejì, nítorí pé bí a bá da POP bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣeé ṣí. Mo da ti iwájú, mo dúró tì í títí ó fi gbóná tó sì tún tutù, mo yọ ògiri náà, mo fi ọṣẹ pa etí rẹ̀ kí ó má baà lẹ̀, mo da ti ẹ̀yìn. Ọ̀gá ń kọjá lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sún mọ́ mi.

Mo ro ti ọrùn bàbá náà, mi ò sì fi POP ṣe àṣíborí fúnra rẹ̀, nítorí ó wúwo. Mo ya ìwé ìròyìn àtijọ́ wẹ́wẹ́, mo ń rì í sínú gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú móòdù tí mo ti fi òróró pa, ìpele lórí ìpele. Nígbà tó gbẹ, mo yọ abala méjèèjì, mo so wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń kun mọ́tò ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà bá mi fọ́n ọ̀dà fàdákà sí i, mo sì gé ibi ojú rẹ̀, mo fi ike tó mọ́ gaara dí i. Ó dára. Àwọn tó ń ta táyà níwájú wa wá wò ó, ọ̀kan nínú wọn ní kí n jẹ́ kí òun dé e lọ sílé lọ dẹ́rù ba ìyàwó òun.

Mo wọ takisí dé Dùgbẹ̀, mo tún wọ òmíràn lọ sí Bódìjà, àṣíborí wà lórí itan mi bí ọmọ. Ọmọbìnrin náà ti wà níbẹ̀. Bàbá náà ga, ohùn wọn rinlẹ̀. Wọ́n gba àṣíborí, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìwọ yìí lo ṣe é?" Wọ́n fúnra wọn ṣí fìlà orí wọn, wọ́n sì dé e.

Kò wọlé. Òkè etí ló dúró sí, ó jókòó sórí wọn bí igbá.

Ìgbà náà ni mo tó rí i kedere. Fìlà kì í dé etí. Àtàrí lásán ni mo wọ̀n. Mi ò wọn etí, mi ò wọn ìpàkọ́, mi ò wọn àgbọ̀n. Gbogbo ìyẹn, ọkàn mi ni mo fi mọ ọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ ẹni tó fẹ́ lọ pọn omi," ọmọbìnrin náà wí, ẹ̀rín gbé e jókòó.

"Panu ẹ mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ni mí." Wọ́n tún tì í, ìsopọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà. "Ṣé orí mi ló tóbi ni, àbí ibi tí à ń lọ ni orí ti kéré?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má tì í mọ́," mo ní.

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní kò burú rárá. Ó ní bàbá lè máa gbé e mọ́ abíyá nínú fíìmù náà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Lóòótọ́, mo lè gbà, kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá sọ ni pé kí ó wọ̀ wọ́n lórí. Wọn kò sọ̀rọ̀ abíyá.

"Rárá," mo ní. "Màá tún un ṣe." Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ wọn orí yín."

"Kí ló dé tí o ò wọ̀n ọ́n látilẹ̀?"

"Ojú ló ń tì mí, sà."

Wọ́n fa àpótí ìjókòó kékeré kan, wọ́n jókòó, wọ́n sì tẹ orí wọn síwájú mi bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ dì nírun. "Wọ̀n ọ́n dáadáa. Gbogbo orúkọ tó burú ni àwọn ọmọ iléèwé ti sọ orí yìí. Okùn ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́."

Mo wọ̀n láti iwájú orí dé ìpàkọ́, mo wọ̀n yíká lórí etí, mo gba abẹ́ àgbọ̀n láti etí kan dé ìkejì, mo wọn ibi tí imú yọ dé. Mo ń ta kókó sí okùn níbi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan parí sí. Orí wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, iṣan kan ń sọ lẹ́bàá etí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ò jẹ́ kí n jókòó. "Ṣé ó wọ̀ wọ́n?"

"Kò wọ̀ wọ́n, sà."

"Ẹ̀hẹ́n. Omi ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù."

Mi ò tí ì lọ. "Wọn ò tí ì ya fíìmù náà, sà. Ẹ ò sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè ṣe é."

"Ẹnu ẹ ti ń là." Wọ́n yí ojú sí iṣẹ́ wọn. "Mi ò ní amọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣòfò mọ́. Lọ wá tìẹ."

Mo pọn omi náà kún. Lọ́jọ́ kejì, etí odò ní Apẹ̀tẹ̀, lẹ́yìn ilé wa, ni mo ti wa amọ̀ tèmi sínú àpò. Ọlọ́kadà tó gbé mi béèrè pé kí ló wà nínú àpò tó ń fa ọ̀kadà òun sẹ́yìn báyìí.

"Amọ̀ ni."

"Amọ̀ lò ń gbé lọ sí Challenge? Wọn ò nílẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò ju àṣíborí kékeré náà nù. Òun ni mo fi ṣe egungun inú: mo gbé e kalẹ̀, mo fi amọ̀ bò ó títí gbogbo ara rẹ̀ fi bá àwọn kókó okùn mi mu. Ní ẹ̀bá etí, mo fi àyè sílẹ̀. Mo tún mọ ògiri, mo tún da móòdù, mo tún ya ìwé. Kò yá bíi ti àkọ́kọ́, nítorí pé bí mo bá ti ṣe díẹ̀, màá tún na okùn mọ́ ọn. Ọ̀gá ń rán mi níṣẹ́ láàárín rẹ̀, mo ń jẹ́ gbogbo rẹ̀, mo ń padà sídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù, bàbá jókòó sí àgbàlá wọn, wọ́n tẹ orí, èmi fúnra mi ni mo gbé e lé wọn. Ó kọjá iwájú orí, ó kọjá etí, ó sọ̀ kalẹ̀ jókòó sí èjìká. Bàbá yíjú sọ́tùn-ún, ó bá wọn yí. Wọ́n yíjú sósì, ó bá wọn yí.

"Mò ń gbọ́ èémí ara mi," ohùn wọn wá láti inú. "Ẹ sọ fún àwọn èrò kí wọ́n wọlé. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra."

Ọmọbìnrin náà fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e síwájú ọ̀gá. Wọ́n wò ó tán, wọ́n tún un wò.

"Etí ọ̀tún rẹ̀ ga ju tòsì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni etí bàbá rí, sà. Mo wọ̀n ọ́n."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó dàárọ̀. Wọn kò sọ pé mo yege, wọn kò sì mẹ́nu ba tábìlì. Mo rò ó nínú takisí títí mo fi délé, mo sì pinnu pé mi ò ní béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé. Mo pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù bí mo ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà mo kó àwọn páálí tó wà lórí àga kejì kúrò, mo fà á sún mọ́ tábìlì, mo bu amọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òdòdó tí oníbàárà wa ní Ring Road fẹ́ fún pálọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo dìde kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì padà jókòó.