Páálí Tí Oòrùn Jó

Láràárọ̀, bí Sàrátù Àyàndá bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹ̀yìn iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìlú Ara ló ń gbà lọ. Á wọn òjò tó wà nínú agolo, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá kọjú sí bọ́ọ̀lù dígí kan tó wà lórí òpó. Oòrùn a máa gba inú bọ́ọ̀lù yìí jó ilà sára páálí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá ṣe ràn pẹ́ tó ni ilà náà ṣe ń gùn tó. Láràárọ̀ ló ń yọ páálí àná, tó ń fi tuntun sí i. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Lọ́jọ́ tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, Jímọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀ ló rán lọ, ó sì tún bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó kà á dáadáa. Ìyá Olóòrùn làwọn aládùúgbò ń pè é.

Lọ́dún 1993, Ọ̀mọ̀wé Tàjùdíìnì ti yunifásítì gbé ìdì ìwé wá. Ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìjì ńlá tó jà lóṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n òjò tí kọ̀ǹpútà rí kò tó ìdajì èyí tí Sàrátù kọ.

“Màmá, ó jọ pé ẹ ṣì í kọ ni. Ẹ bá wa tún un ṣe nínú ìwé.”

Sàrátù ro ọ̀rọ̀ náà wò. Bó bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, ta ni yóò tún gba ìyókù ọdún mẹ́rìnlá náà gbọ́?

“Ọ̀mọ̀wé, ṣé kọ̀ǹpútà yín wà ní Ara lọ́jọ́ náà?”

“Rárá o, mà.”

“Èmi wà níbẹ̀. Oko Ògúnbùnmi aládùúgbò wa la ti lọ ṣa páànù ilé ìdáná mi tí ìjì ṣí lọ.”

Ó gbé agolo bisikíìtì tó ń kó àwọn páálí àtijọ́ sí jáde, ó fa páálí ọjọ́ náà yọ. Ilà dúdú lọ gbọọrọ láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó dá nígbà tí ìjì dé.

“Èlùbọ́ tí mo sá sórí àpáta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Adìyẹ ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nítorí ooru.”

Tàjùdíìnì tú ìwé rẹ̀ wò, ó fọwọ́ lu iwájú orí. “Háà! Ojú ọ̀run tó ṣú la fún kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Oòrùn ò kan ilẹ̀ rárá nínú ìṣirò wa. Bí ilẹ̀ ò bá gbóná, kí ló máa ti afẹ́fẹ́ tó lómi lára gòkè lọ di òjò ńlá?”

“Èmi lẹ wá bi, ẹ ò ṣe bi oòrùn?”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Tàjùdíìnì. Wọ́n ti fi oòrùn ara páálí sínú ìṣirò. Òjò kọ̀ǹpútà ga sókè, ó ku mìlímítà mẹ́fà péré kó bá ti Sàrátù.

“Mẹ́fà yẹn ńkọ́?” Jímọ́ọ̀ bi í.

“Kí wọ́n máa wá a. Alhamdulilahi, tèmi wà nínú ìwé.”

Ó ti lẹ́tà náà sínú agolo bisikíìtì, ó sì mú páálí tuntun lọ síbi òpó.