Pèrègún Orí Sàréè Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí tipẹ́, mo fẹ́ rò ó fún yín lónìí bóyá ọkàn mi á fúyẹ́. Ẹ má rò pé ẹnì kan ló ṣe mí o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Abúlé ìyá mi wà lẹ́yìn Abigi, níbi tí ọ̀nà ti ń sún mọ́ omi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ẹ ṣáà mọ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe é: ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ, wọn ò rẹ́ sìmẹ́ńtì, wọn ò kọ orúkọ. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, kàn gún igi pèrègún kan síbi orí rẹ̀ ni. Èmi ò débẹ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò bàbá mi fi mú mi lọ sí Òkè-Ṣopẹ́n n'Íjẹ̀bú-Igbó, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, kí n tó lọ kàwé gboyè l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè.

Tí mo bá lọ kí Ìyá Àgbà nígbà Iléyá, màá bi í pé níbo ni ìyá mi wà. Á na ọwọ́ sí ọ̀nà odò, á ní, "Ó wà nídìí pèrègún." Mi ò lọ wò ó rí. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Màá ní lọ́dún tó ń bọ̀. Ó tún di ọdún tó ń bọ̀, mo tún sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ wa? Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Bí oòrùn bá mú gan-an, á máa sun jáde fúnra rẹ̀, àwọn apẹja á bù ú lọ fi dí ojú ọkọ̀ wọn. Ọ̀dà yìí ló fa kọ́ńpìnnì méjì wá. Àwọn kan ń dé akoto pupa, àwọn kejì ń dé akoto búlúù, wọn ò sì lè rí ara wọn sójú. Bí alákoto pupa bá ri òpó irin ààlà mọ́lẹ̀ láàárọ̀, ẹlẹ́búlúù á wá ri tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ará abúlé ò fẹ́ èyí, wọn ò fẹ́ ìyẹn. Ta ló tiẹ̀ bi wọ́n?

Àwọn alákoto pupa gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní kí n máa bá wọn bá ará abúlé sọ̀rọ̀, torí ọmọ ibẹ̀ ni mí. Inú mi dùn. Mo ní màá wá lè máa rí Ìyá Àgbà dáadáa, bóyá màá sì lè láyà láti lọ rí ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan, a bá pèrègún márùn-ún tó tò tẹ̀léra lọ́nà odò. Ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ bi mí pé kí nìwọ̀nyí. Ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bíi tíṣà, pé pèrègún làwọn baba wa fi ń pààlà oko, pé oko méjì ló pàdé níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààlà oko lásán ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹlẹ́búlúù tó dé, katapílà ti gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò rántí ohun tí Ìyá Àgbà wí ni? Mo rántí o. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Mi ò mọ̀ pé ẹbí mi márààrún ló sùn síbẹ̀, tí pèrègún wà lórí oníkálùkù wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Àgbà tẹ̀pá dé. Ó wo ilẹ̀ náà títí. Ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Ó wá bi mí pé ta ló sọ fún wọn pé kò séèyàn níbí.

Ó ní, "Márùn-ún ni wọ́n. Ìyá ẹ ló ṣìkẹta. Ó ń bẹ níbí, àmọ́ èmi gan-an ò lè fọwọ́ sọ ibẹ̀ mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti akoto pupa lórí, mo sunkún bí ọmọ ọdún méje. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Àwọn pèrègún tí katapílà hú wà lókìtì lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó mọ pèrègún mọ̀ pé kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ gé e, ẹ gún un sílẹ̀ tútù, á hù. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ kírun Jímọ̀, Ìyá Àgbà àtàwọn obìnrin abúlé gé gbogbo rẹ̀, wọ́n ń gún un káàkiri, láàrin òpó pupa àti òpó búlúù, títí dé etí odò. Mo bọ́ akoto sílẹ̀, mo bá wọn gún un. Ìyá Ráfíù, ọ̀rẹ́ ìyá mi, bi mí pé ṣé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ mi láti máa fi orí igi kanlẹ̀. Mo wò ó, òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ ló wà lókè. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Nígbà tí wọ́n kírun dé, ìjà dé. Alákoto pupa ní ẹlẹ́búlúù ló wá gbin ààlà tuntun sórí ilẹ̀ àwọn. Ẹlẹ́búlúù ní irọ́ ni, alákoto pupa ni. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù. Kò sẹ́ni tó ronú kan àwọn arúgbó. Kọ́ńpìnnì méjèèjì ní kí àwọn lébìrà hú u, àwọn lébìrà tó jẹ́ ọmọ Abigi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní hú igi orí sàréè ìyá oníyàá.

Ẹjọ́ ò tíì parí. Wọ́n ti kó katapílà lọ, òpó irin ń dípẹtà, mi ò mọ ohun tí ọ̀la máa bí. Èmi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ni mò ń kọ́ l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè báyìí.

Gbogbo pèrègún yẹn ló hù. Ìyá mi wà nídìí ọ̀kan, tàbí láàrin méjì, mi ò mọ̀. Torí náà, tí mo bá lọ, etí ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá kí àkọ́kọ́, "Ìyá mi, èmi ni o," màá ṣe àdúà, màá bọ́ sí ìkejì. Oòrùn á ti wọ̀ kí n tó dé etí odò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ẹ má ṣàlàyé ilé yín fún àlejò kí ẹ tó bi àgbà ilé. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ni ẹ ti ń fi dọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà kan bá ṣì wà nílé yín tó lè na ọwọ́ síbi tí ẹni yín wà, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní kó mú yín débẹ̀.