Igbá Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí Ọ̀jẹ̀túndé Bù fún Ọmọ Rẹ̀

Ẹ bá mi wá àgbẹ̀ kan láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí tó lè kọ ebè bíi ti Ọ̀jẹ̀túndé ará Òtù, kí n ṣí fìlà orí mi fún un. Ebè rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kan gun ọ̀kan lórí lọ́dún kan, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará Okaka. Àmọ́ kì í ṣe torí ebè ni mo ṣe mú kálàmù. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀nà tó fi wá ọmọ náà padà.

Abà Ìdí-Ẹmi ni oko rẹ̀ wà, máìlì méje sí Òtù. Nígbà tí Àpọ́nlé ìyàwó rẹ̀ wà láyé, òun ló ń gbé ilé tó wà nígboro pẹ̀lú Oyèlékè, ọmọ wọn, kí ọmọ lè lọ sílé ìwé. Ọ̀jẹ̀túndé á wà lóko, á sì wálé lọ́jọ́ ọjà, ní ọrọọrún. Bí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún 1978, ibà ọjọ́ mẹ́fà mú Àpọ́nlé lọ. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe gbogbo ètò, àwọn ẹbí padà sílé oníkálukú. Ọ̀jẹ̀túndé gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sí oko. Oyèlékè, ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, padà sínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò sí mọ́. Kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí wọ́n yí ètò náà padà. Bàbá ń bẹ lóko, ọmọ ń bẹ nílé ìwé, kí ló tún kù?

Oko wá dákẹ́. Ọ̀jẹ̀túndé ò gúnyán mọ́, nítorí ariwo odó fún ẹnu ẹnì kan ṣoṣo máa ń dùn ún. Iṣu sísun ló ń jẹ, lórí ìdúró. Nígbà mìíràn á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ sókè fún iṣu inú ọgbà, pé, "Ẹ ò rí i pé òjò ò fẹ́ rọ̀?" Á dákẹ́, á dúró bí ẹni pé iṣu fẹ́ fèsì.

Lọ́dún 1980, tí ilé ìwé girama ti di ọ̀fẹ́, tí Oyèlékè ti wà ní kíláàsì kejì, Ọ̀jẹ̀túndé bẹ ọ̀wẹ̀. Ogún ọkùnrin ló wá bá a kọ ebè. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni: ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ á pèsè oúnjẹ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí ń hó nínú ìkòkò. Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ igba ebè pé kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, ọkùnrin ni, igbá ọkùnrin ni wọn á bù fún un. Ẹni tí ò bá pé, omi tútù ni tirẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Oyèlékè wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọmọ tín-ín-rín báyìí, apá rẹ̀ bí okùn iṣu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ ebè. Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, Ògúndèjì, ẹni tí oko rẹ̀ bá ti Ọ̀jẹ̀túndé pààlà, ka ebè ọmọ náà. Igba ó lé mẹ́ta!

"Háà! Bàbá Oyèlékè!" ni Ògúndèjì ké. "Ọkọ ìyàwó ti wà nínú ilé yín, ẹ ò sọ fún wa! Ẹ bù ú fún un!"

"Ẹ bù ú fún un!" ni gbogbo wọn gbè é.

Ràmọ́nì bàbá Bàṣírù, ọ̀rẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé, Mùsùlùmí tí kì í fẹnu kan ọtí, gbé igbá fùrá rẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mà nìyẹn," ló wí.

"Bàbá Bàṣírù, ẹ mu fùrá yín o jàre," ni Ògúndèjì dá a lóhùn. "Ta ló ní kí ẹ wá ṣe wáàsí fún wa láàárín ebè?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀jẹ̀túndé dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló bù ú, ó kún dẹ́nu, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ọmọ rẹ̀. Oyèlékè gbé e mu, ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ̀túndé náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Àpọ́nlé ti lọ, ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí abà náà gbọ́ láti ẹnu bàbá àti ọmọ.

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí Oyèlékè bá wá sí oko, bí wọ́n bá jẹun tán, ọmọ á dìde, á fẹ́ lọ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní abà kejì. Ọ̀jẹ̀túndé á ní, "Jókòó, jẹ́ ká mu díẹ̀." Ọmọ á jókòó. Wọn á jọ máa mu ún, wọn á máa sọ̀rọ̀ Àpọ́nlé, bó ṣe máa ń pe adìẹ, bó ṣe ń bínú. Ọ̀jẹ̀túndé ò rí i pé ọtí lòun fi ń mú ọmọ jókòó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ló dùn.

Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan ní oṣù kẹsàn-án, Ọ̀jẹ̀túndé ru iṣu wọ Òtù. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Àwáwù, ìyàwó ilé kejì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fàtímọ̀, fi pàdé rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Oyèlékè. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyá Fàtímọ̀?"

"Ọmọ yín ò dé ilé ìwé láti ọjọ́ Ajé. Ògógóró ló ń mu lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Lánàá, nínú aṣọ ilé ìwé ló dùbúlẹ̀ sí, lẹ́bàá gọ́tà. Èmi àti Fàtímọ̀ la gbé e wọlé. Mo ti ń gbé oúnjẹ fún un, àmọ́ èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí láti na ọmọ ọlọ́mọ."

Ọ̀jẹ̀túndé já pàṣán lára igi, ó wọlé. Ilé tó ń sùn ní ọ̀kan nínú ọjọ́ márùn-ún, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ẹní kan. Abọ́ kan. Eérú ààrò ti dì bí òkúta, aláǹtakùn ti ta okùn kọjá ẹnu ìkòkò. Gèlè Àpọ́nlé ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi kọ́ ọ sí kó tó kú. Oyèlékè jókòó sí igun ilé, ètè rẹ̀ bó.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́tí?" ni Ọ̀jẹ̀túndé bú jáde.

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ọwọ́ Ọ̀jẹ̀túndé dúró lókè.

"Tí mo bá mu ún," ni Oyèlékè wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ, "ó máa ń dà bíi pé a jọ jókòó lábà. Ilé yìí máa ń dákẹ́ jù."

Kò nà án. Ó gbé pàṣán sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jáde, ó lọ sọ́dọ̀ Ràmọ́nì. Ọkùnrin tó lè gbé àpáta kúrò lójú ọ̀nà, ó jókòó síwájú ilé ẹlòmíràn, ó ń da omijé.

"Màá mú un lọ bá àwọn Aládùúrà kí wọ́n bá mi gbàdúrà sí i," ló wí. "Tàbí kí n mú un kúrò nílé ìwé, kó wá máa gbé oko pẹ̀lú mi."

Ràmọ́nì wò ó. "Kó wá máa bá ọ mu ún lóko? Èmi ò mọ̀wé o. Àmọ́, ta ló ń bá ọmọ yẹn jẹun lálẹ́?"

Ọ̀jẹ̀túndé fi etí aṣọ nu ojú.

"Ta ló ń bi í pé níbo lo ti ń bọ̀? Ta ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Olùkọ́ rẹ̀, o mọ orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Òórùn ọtí ń bọ̀ lẹ́nu ìwọ pàápàá bó o ṣe jókòó síbí yìí. Kí lo fẹ́ fi ẹnu yẹn sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju pàṣán lọ. Ó dìde láì dágbére. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó lọ sílé ìwé, ó wá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó tẹ́tí sí gbogbo ohun tó sọ. Ó lọ sí gáréèjì, ó kí àwọn awakọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ó ní ọmọ òun ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú fún un mọ́. Nígbà tó dé oko, ó gbé ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ó dojú rẹ̀ dé sídìí igi ẹmi. Àwọn ìjàlọ ibẹ̀ mutí yó tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀jẹ̀túndé ò sùn lóko mọ́. Máìlì méje lọ láàárọ̀, máìlì méje bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ń gúnyán. Wọn á jẹun, ọmọ á kọjú sí ògiri. Ọkàn Ọ̀jẹ̀túndé alára ń fà sí ọtí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó wá mọ̀ pé ẹni méjì lè wà nínú yàrá kan kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dá wà. Ìgbà méjì ni ọmọ náà tún lọ mu ún láàárín oṣù yẹn. Ìgbà méjèèjì, Ọ̀jẹ̀túndé wá a lọ, ó mú un bọ̀, ó bu omi fún un wẹ̀.

Ìgbà ebè tún dé. Ọ̀jẹ̀túndé ránṣẹ́ pe ọ̀wẹ̀, ó sì sọ ọ́ kó dá wọn lójú pé kò ní sí ọtí.

"Ọ̀wẹ̀ kí?" ni Ògúndèjì bi í lójú ọ̀nà. "Ọ̀wẹ̀ omi? Ṣé ìsọmọlórúkọ ẹja ni?"

"Oúnjẹ máa wà dáadáa."

"Àwa náà ní oúnjẹ nílé wa, Bàbá Oyèlékè. Ọjọ́ kan náà ni èmi náà fẹ́ pe tèmi. Ìkòkò mẹ́rin ni màá gbé kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ràmọ́nì ìbá wá, àmọ́ ó ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ṣakí. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, Ọ̀jẹ̀túndé gbé iyán ogún ènìyàn kalẹ̀, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ méjì odindi. Ó dúró. Oòrùn yọ. Ó rí àwọn ọkùnrin tí ń kọjá lẹ́bàá oko rẹ̀, ọkọ́ léjìká, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ń lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín wọn fi ń bọ̀ láti oko Ògúndèjì. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ohùn Oyèlékè láàárín wọn. Láàárọ̀ ni ọmọ náà ti kúrò nílé, kò sọ ibi tó ń lọ. Ọ̀jẹ̀túndé mọ̀ pé wọ́n ti pè é síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè. Òun nìkan ṣoṣo nínú oko tó fẹ̀ bí ọ̀run. Ọ̀kan. Méjì. Nígbà tó dé ogójì, ó dúró, ó wo ọ̀nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí koríko mì. Oyèlékè ló ń bọ̀ láti ọ̀nà oko Ògúndèjì, ọkọ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Ó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí bàbá rẹ̀.

"Mo kọ igba pé, Bàbá. Wọ́n bù ú fún mi."

"O mu ún?"

Ọmọ náà gbé itọ́ mì. "Mo mu díẹ̀. Mo gbé ìyókù fún ẹlòmíràn."

Ọ̀jẹ̀túndé fi ọkọ́ gúnlẹ̀. Ó fẹ́ bínú, àmọ́ inú ò bí i. Irọ́ pọ̀ tí ọmọ yẹn lè pa, kò sì sí ẹni tí yóò já a. Ó ti rin ọ̀nà jìn kó tó wá sọ òótọ́.

"Kí ló dé tó o fi kúrò níbẹ̀?"

"Mo ń wo ibí láti ọ̀hún. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí."

Oyèlékè bọ́ sí poro kejì, wọ́n jọ ń kọ ebè. Iyán ti tutù nígbà tí wọ́n jókòó jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgọ́fà ebè péré ni oko náà ní lọ́jọ́ náà, ọdún yẹn sì ni iṣu Ọ̀jẹ̀túndé kéré jù láti ìgbà tó ti ń dáko. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, wọ́n di ìyókù oúnjẹ, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Òtù. Ọmọ wà níwájú, bàbá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Lọ́la ńkọ́?" ni Oyèlékè bi í, láì bojú wẹ̀yìn.

"Màá ti dé kí o tó ti ilé ìwé dé," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí.