Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ Ṣí Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń ṣí ilẹ̀kùn tó bá há. Irin tín-ín-rín méjì péré! Yóò ki irin bọ ihò, yóò fi etí lé ilẹ̀kùn bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ká! ó ti ṣí. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ṣùgbọ́n oṣù méjì rèé tí kò jẹ Oúnjẹ Olúwa. Kí ló ṣe? Ọmọ jòjòló kan há sínú ilé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá rẹ̀ ń sunkún níta, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Òfin, olórí àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, yọ ìwé kékeré lápò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i: ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kó jókòó sẹ́yìn fóṣù mẹ́ta. Ẹ gbà mí! Àwo Oúnjẹ Olúwa wá ń kọjá lára rẹ̀ bíi pé àga lásán ni.

Sọ́ńdè tó kọjá, bí ìsìn ṣe parí, wọ́n sáré wá pè é. Bàbá Òfin há sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì! Kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú ihò.

Ìyàwó bàbá káwọ́ lérí. "Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe é. Ó ti gbabẹ́rẹ́ láàárọ̀, kò sì tíì jẹun!"

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Bàbá béèrè látinú.

"Èmi ni, Bàbá. Mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

"Má fọwọ́ kàn án! Sọ́ńdè lòní. Ó dọ̀la."

Orí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ gbóná. "Ọ̀la kẹ̀? Ibẹ̀ lẹ fẹ́ sùn?"

"Òfin lòfin!"

"Olówó orí mi," ìyàwó rẹ̀ ké, "ẹ má sọ mí dopó nítorí ilẹ̀kùn!"

"Òf..." ni wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ pòṣé. Ṣé Jésù ní kí ọlọ́wọ́ rírọ padà wá lọ́jọ́ Ajé ni? Ó tọ́ kọ́kọ́rọ́ tó kán jáde, ó yí irin. Ká! Bàbá rèé nílẹ̀, òógùn bò ó, ó ń gbọ̀n. Wọ́n fún un lómi ṣúgà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Kí ló kọ́kọ́ wá? Ìwé kékeré yẹn ni!

"Mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ," ló wí. "Tèmi náà á wọbẹ̀, torí èmi ni mo gba ilẹ̀kùn tó o ṣí jáde."

Inú bí obìnrin náà débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó gba ìwé náà jẹ́jẹ́, ó sọ ọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn, ó ki irin bọ̀ ọ́. Ká!

"Ṣí i, kí n mú ìwé mi!"

"Háà, Bàbá! Lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Ìyàwó bàbá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo obìnrin náà.

"Iwájú ni kó o jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "A ó jẹ Oúnjẹ Olúwa."

"Ìwé yín ńkọ́?"

"Ìwé wo?"