Oògùn Tí Mi Ò Fún Símì

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, mi ò tíì tú gèlè lórí tán tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Bàbá Símì ni, fọkanáísà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu àdúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Símì fúnra rẹ̀ fara ti apá bàbá rẹ̀. Aránṣọ lọmọ náà, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ wú lọ́jọ́ yẹn débi pé kò lè di abẹ́rẹ́ mú, ojú rẹ̀ sì pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì.

"Aunty Dókítà," Bàbá Símì ní, "mo gbọ́ ọ̀gá yín lórí rédíò. Wọ́n ní ẹ ti rí nǹkan tó ń pẹ̀tù sí irú àìsàn ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú díẹ̀ wá."

Èmi kì í ṣe dókítà ilé ìwòsàn. Láàbù ìwádìí kan ní Gbàgádà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlàjà, mú mi jókòó, wọ́n ní, "Ṣé o ti wà ní ọjà Mile 12 rí nígbà tí ọkọ̀ tòmátì ń wọlé?"

Mo ní mo ti wà níbẹ̀ rí.

"Ó dáa. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ á pariwo, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí táyà tó dúró, gbogbo alábàárù ti gbọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì inú ara ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní etí, wọ́n sì ń jíṣẹ́ fún ara wọn. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, ariwo á ta, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọmọ ogun ara á sáré jáde. Àmọ́ nínú ara ẹlòmíràn, ọkọ̀ kankan ò dé, ariwo ò sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ ogun á wá kọjú ìjà sí onílé."

Ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń pè ní lúpọ́ọ̀sì. Òun ló ń ṣe Símì.

Iṣẹ́ tiwa ni láti wá nǹkan tí a lè fi dí etí kan ṣoṣo lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, kí ariwo tí kò nídìí má wọlé mọ́, kí ti òótọ́ sì máa wọlé. Ó rọrùn láti fẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń dán nǹkan wò, tí à ń dà á nù. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, sẹ́ẹ̀lì tá a ti ń tọ́jú bí ọmọ ìkókó á kú sínú abọ́. Mo sunkún délé nítorí sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan, ọkọ mi rò pé wọ́n túfọ̀ ẹnì kan fún mi láti Ìjẹ̀bú ni.

Nígbẹ̀yìn, a rí ohun kan yọ láti ara èèpo igi. Bá a bá ti kán an sí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ṣe ni ara wọn máa ń rọlẹ̀. A sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Inú wa dùn débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Wọ́n sọ ọ́ ketekete pé iṣẹ́ ṣì kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í gbọ́ "iṣẹ́ ṣì kù."

"Bàbá Símì," mo ní, "nǹkan yìí ò tíì kúrò nínú abọ́. A ò mọ ohun tó máa ṣe nínú ara èèyàn."

"Ẹ dán an wò lára tiwa."

"Mi ò lè ṣe é, sà."

"Ṣé kó kú kí ẹ tó parí ìdánwò yín ni?"

Símì ló fa apá bàbá rẹ̀. "Daddy, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. "Ká ní ọmọ rẹ ni ńkọ́?"

"Ká ní ọmọ mi ni, sà, ẹ máa ní láti ti fìríìjì tá a kó Pẹ̀lẹ́ sí mọ́ mi."

Wọ́n mi orí. "Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi irú ìpinnu yìí sílẹ̀ fún òbí. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ti ẹ̀dọ̀."

Oògùn téèyàn bá gbé mì, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló máa gbà kọjá. A ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ á lè fara da Pẹ̀lẹ́. Ní gbogbo àsìkò tá a fi ń múra ìdánwò náà sílẹ̀, Bàbá Símì ò kí mi. Táyà mi jò lọ́jọ́ kan, ó lẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò wo ojú mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn.

Ní òwúrọ̀ tí mo gbé abọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ sábẹ́ maikirosikópù, ohun tí mo rí dà bíi gààrí tó léfòó sórí omi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó wà láàyè máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ ni. Tèmi ti ṣí kúrò. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣe é, mo tún un ṣe. Tósìn, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, náà ṣe tiẹ̀ láì wo tèmi. Bákan náà ló rí. Ìwọ̀n Pẹ̀lẹ́ tó ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara, òun náà ló ń pa ẹ̀dọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó fúnra wọn, wọ́n sì jókòó. "A ti mọ̀ báyìí," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Tósìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá físà. Mi ò bá a wí. Ó yẹ kí n máa yọ̀ pé mi ò gbé ikú fún ọmọ ọlọ́mọ, àmọ́ ayọ̀ náà ò wá. Ó kàn rẹ̀ mí ni, dé inú egungun.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Símì, mo sì sọ fún un pé ká ní mo mú oògùn yẹn wá, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ì bá ti bà jẹ́. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé mo ti ń bú yín?"

"Mo fura, sà."

"Mo bú yín dáadáa." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Kò wá sí oògùn nìyẹn."

"Kò sí, sà."

Ó ti táyà kan sún mọ́ mi pé kí n jókòó. A jókòó síbẹ̀, à ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Kétu.

Oògùn ọsibítù ni Símì ń lò títí dòní. Ó mú kí ojú rẹ̀ wú, àmọ́ ó ń ràn án lọ́wọ́. Lọ́jọ́ míì á ránṣọ, lọ́jọ́ míì kò ní lè dìde. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn, dókítà rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé à ń wá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn náà, pé kò pọn dandan, pé kò sì ní wò ó sàn. Símì ní òun gbọ́, òun á fún wa. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn sẹ́ẹ̀lì òun.

Mo gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábẹ́ maikirosikópù, mo sún àga fún un. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Aunty, àwọn tó ń bá mi jà nìyí?"

"Àwọn nìyí."

"Wọ́n mà kéré o."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò gbé ojú kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì, Tósìn ti rìnrìn àjò, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì pọ̀ nílẹ̀ jọjọ. Mi ò sọ fún un pé kó dìde.