Oníkọ́kọ́rọ́ Tí Kò Gba Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbọ́

Bí kọ́kọ́rọ́ yín bá kán sínú ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan náà ni gbogbo àdúgbò máa ní kẹ́ ẹ lọ bá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju èèyàn méjì lọ: tábìlì kan, ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́, fáìlì ńlá, fáìlì kékeré, àti kọ́kọ́rọ́ lóríṣiríṣi tó so rọ̀ lára ògiri. Á gbé etí lé àgádágodo, á mi kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ ibi tó ń dùn ún fún yín. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nídìí ẹ̀. Báńkì ń pè é, ilé ìwòsàn ń pè é. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ilẹ̀kùn tó bá ti fọwọ́ kàn, kí olè wábòmíràn gbà.

Àfi òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn ò lè ti tiẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Á tì í, á fà á wò, á sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á dé ẹnu títì, á yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gbọ́dọ̀ padà, ó sì ń fi ìka kà á. Bí mọ́tò bá fun fèrè lójijì tí òǹkà dàrú mọ́ ọn lójú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Padà-Wò-Ó. Àwọn ọmọdé gan-an, bí wọ́n bá ti rí i tó ń gun àtẹ̀gùn padà, wọ́n á ní, "Ó ku mẹ́rin!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín; àwọn náà ni kì í lè jẹun tán kí wọ́n tó yẹ fóònù wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Ó mọ̀ pé òun ti tì í, etí rẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó dún. Síbẹ̀, bó bá ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan kan á sọ sí i létí pé, "O ò tíì tì í." Á ní, "Mo ti tì í." Nǹkan náà á tún ní, "O ò tíì tì í." Ẹ gbọ́ bí méjèèjì ṣe jọra? Ti, tíì. Ohùn tín-ń-tín yẹn ló ń bá a jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀ run.

Ọjọ́ tó dùn ún jù ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ gba ipò kìíní. Ara ìyá rẹ̀ ò yá, ilé ìwòsàn ló wà lọ́jọ́ náà, bàbá nìkan ni wọ́n ń retí. Agogo mẹ́jọ ló jáde nílé, àmọ́ ilẹ̀kùn ò jẹ́ kó lọ. Ìgbà tó máa dé ibẹ̀, wọ́n ti ń kó àga. Ó bá ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, òun nìkan, ẹ̀bùn lórí itan rẹ̀. Ọmọ ò sunkún. Ó kàn ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ ní egungun.

Ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ kó parí, ó wálé, ó ní kí àwọn òbí òun méjèèjì jókòó.

"Bàbá, àwọn tó ń sọ pé ayé ló ń ṣe yín ò mọ nǹkan kan. Àìsàn ni. Ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú."

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Kẹ́ ẹ má padà."

"Kí n má kí ni?"

"Ọkàn yín á máa pariwo. Ẹ jẹ́ kó pariwo. Tó bá ké títí tí ò rẹ́ni dá a lóhùn, ó máa rẹ̀ ẹ́." Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Mọ́mì. Bí Bàbá bá bi yín bóyá àwọn ti tì í, ẹ má dáhùn mọ́. Ìdáhùn yín ló ń bọ́ ọ."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ẹ ní, 'Ẹ̀yin ni oníkọ́kọ́rọ́.'"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn bá máa gbàwé ẹ̀rí, òbí ló máa fi báàjì sí ọmọ láyà, orúkọ bàbá lòun sì kọ sílẹ̀. "Àmọ́ tí ẹ ò bá lè wá, Bàbá, mi ò ní bínú." Ká ní ó ní òun máa bínú ni, ì bá sàn.

Ojú boro kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, ó sọdá sọ́dọ̀ aránbàtà tó wà lódìkejì títì, ó kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó jókòó. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń já, aránbàtà rò pé ibà ni. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ariwo inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn! Lọ́jọ́ kejì, ó padà lẹ́ẹ̀meje, ó sì sunkún lójú títì bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún lọ jókòó sọ́dọ̀ aránbàtà. Ó di márùn-ún, ó di méjì, ó tún gùn dé mẹ́fà lọ́sẹ̀ tí òtútù mú un. Kò ṣíwọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tọkọtaya múra. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀, ó dé ẹnu títì. Àṣé ìyàwó rẹ̀ ti gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sáré padà wọlé. Ọkọ ò wẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyàwó jáde, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ohùn náà dé.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé o ti tì í?"

Ìyàwó gbé ojú sí fèrèsé. "Ẹ̀yin ni oníkọ́kọ́rọ́."

Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn kan náà ni. Bọ́ọ̀sì yà sílé epo. Bọ́ọ̀sì mìíràn wà níbẹ̀ tó kọjú sọ́nà ilé, kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ń pè, "Ẹnì kan ló kù!" Oníkọ́kọ́rọ́ sọ̀kalẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn. Ó dúró láàárín bọ́ọ̀sì méjèèjì, ó ń gbọ́ ọ: ẹ ò tíì tì í, ẹ ò tíì tì í. Gbogbo ọdún tó ti ń bá ohùn yìí jiyàn, kò borí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, kò bá a jiyàn.

"Ó lè jẹ́ pé a ò tì í," ló wí, sókè ketekete. "Kó ṣí sílẹ̀! Ọmọ mi ń dúró dè mí."

Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó.

Wọ́n tètè dé débi pé wọ́n bá wọn to àga. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ, bàbá gòkè lọ, ó fi báàjì sí i láyà. Ọmọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?"

"Mi ò mọ̀."

Ọmọ tí kò sunkún lórí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí, ó wá sunkún, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Nígbà tí wọ́n délé nírọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ń fì síbí fì sọ́hùn-ún. Adìyẹ aládùúgbò kan jókòó sórí àga bàbá bí onílé.

Ìyàwó káwọ́ lérí. "Mo gbé! Láti inú bọ́ọ̀sì ni àyà mi ti ń já. Mi ò rántí bóyá mo tì í."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n má dáhùn!"

Ẹ̀rín pa oníkọ́kọ́rọ́ títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n lé adìyẹ, wọ́n yẹ gbogbo ilé wò. Abẹ́rẹ́ ò sọnù. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù látọjọ́ yìí ti wá ṣẹlẹ̀, òun ló sì jókòó tó ń rẹ́rìn-ín yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ ń jáde. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dé ẹnu títì, ìyàwó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ṣé ẹ tì í dáadáa?"

Ọkọ ti ń lọ ní tiẹ̀. "Èmi ni oníkọ́kọ́rọ́," ló wí.